"Ó Dá Mi Lójú Pé Òun Ni": Ìgbà Wo Ni Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìí Ṣeé Gbára Lé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, adigunjalè méjì wọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi obìnrin ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ọ̀kan nínú wọn mú ìbọn dání. Wọ́n kó owó àti fóònù lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá kan na fóònù sí i, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹni yìí? A ti mú un, ó sì ti jẹ́wọ́." Àbúrò mi wò ó, ó ní òun ni. Nígbà tó délé lọ́jọ́ yẹn, ó sọ fún mi pé kò fi bẹ́ẹ̀ dá òun lójú. Ní báyìí, ó ní òun lè búra. Ọkọ rẹ̀ ní kó lọ jẹ́rìí, pé ojú kì í tan ni, kó ṣáà má jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n níwájú adájọ́. Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ti ṣèwádìí lórí irú nǹkan báyìí, àti pé àwọn ilé ẹjọ́ kan ń lò ó. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí ó ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí àbúrò yín kú ewu. Òótọ́ lohun tí ẹ gbọ́, kì í sì í ṣe ìwádìí àná. Ṣùgbọ́n ká tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀, ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun kan tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, bóyá ẹ ò tilẹ̀ fura sí i. Lọ́jọ́ tó rí fọ́tò, kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lójú. Lónìí, ó lè búra. Kí ló rí láàárín ọjọ́ díẹ̀ yìí tí kò rí tẹ́lẹ̀? Kò tún fojú kan olè náà. Ohun tó gbọ́ ló pọ̀ sí i: "a ti mú un," "ó ti jẹ́wọ́," "ojú kì í tan ni." Ìdánilójú rẹ̀ ń sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí ló ń bọ́ ọ, kì í ṣe ojú.

Mo fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan fún yín. Ní oṣù keje ọdún 1984, ní ìlú Burlington ní ìpínlẹ̀ North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan já wọ ilé Jennifer Thompson lóru, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ ọdún 22. Nínú ìpọ́njú yẹn, ó pinnu pé bí òun bá yè é, ọkùnrin yìí ò ní lọ láìjìyà. Ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń wo irun rẹ̀, ó ń wá àpá tàbí àmì tí òun á fi dá a mọ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tẹ́ fọ́tò mẹ́fà síwájú rẹ̀, ó wò wọ́n fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó mú ọ̀kan. Ronald Cotton lorúkọ ẹni náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n to àwọn ọkùnrin sórí ìlà fún un. Nínú àwọn tó rí nínú fọ́tò, Cotton nìkan ló tún wà lórí ìlà. Ó tún mú Cotton, wọ́n sì sọ fún un pé ẹni tó mú nínú fọ́tò náà ló tún mú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ ní 1985, kò sí iyèméjì kankan lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n jù Cotton sí.

Ní 1987, wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bobby Poole wá síwájú obìnrin yìí, wọ́n ní ṣé ó mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ò rí i rí. Wọ́n dá Cotton padà sẹ́wọ̀n. Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Poole ló ṣe é. Cotton ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́wọ̀n nígbà náà.

Wọ́n máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n níbí, ta ló parọ́? Obìnrin yìí ò parọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kò fojú sílẹ̀ dáadáa. Ó fojú sílẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa á ti ṣe lọ. Láti ọjọ́ tó ti mú fọ́tò yẹn, ojú Cotton ló wá jókòó sí àyè tí ojú Poole wà nínú iyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Poole fi dúró níwájú rẹ̀ tí kò fi mọ̀ ọ́n. Thompson àti Cotton di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n sì jọ ń lọ káàkiri láti bá àwọn ọlọ́pàá àti aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí bí irú àṣìṣe yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kò sì ṣọ̀wọ́n: nínú àwọn ẹjọ́ tí DNA ti fi dá àwọn aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, bíi méje nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ti nàka sí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ibi tí àwa onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, tí a ń ṣèwádìí bí iyè èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ti wúlò nìyí. Ní 1998, Gary Wells àti Amy Bradfield fi fídíò kan han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, irú èyí tí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù máa ń ká sílẹ̀: ọkùnrin kan wọlé. Wọ́n sọ fún wọn pé ọkùnrin yẹn ló pa ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀. Wọ́n wá tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ pé kí wọ́n mú un. Kò sí nínú àwọn fọ́tò náà rárá, síbẹ̀ gbogbo wọn ló mú ẹnì kan. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé, "Ó káre, afurasí gan-an lo mú." Wọn ò sọ nǹkan kan fún àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n yìn ní ó ti dá àwọn lójú láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn rí ojú rẹ̀ kedere, wọ́n ní àwọn fọkàn sí i, wọ́n ní kò nira fún àwọn láti mú un. Gbólóhùn kan péré ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Àwọn ènìyàn náà ò sì mọ̀ pé gbólóhùn náà ṣe àwọn ní nǹkan kan. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní rárá o.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: "A ti mú un, ó sì ti jẹ́wọ́." Tiẹ̀ burú ju ti inú ìwádìí lọ, nítorí kó tó fi fọ́tò hàn án tán ló ti yìn ín. Fọ́tò kan ṣoṣo ló sì fi hàn án. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kí tíṣà kọ ìdáhùn sójú pátákó kó tó béèrè ìbéèrè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iyè ọmọ èèyàn dà bíi fóònù: ohun tó bá ti wọ ibẹ̀, bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, bó ṣe wà náà ló máa jáde. Ìtàn tí ìyá àgbà ń pa ló jọ jù. Gbogbo ìgbà tó bá pa á ló ń tún un hun, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lánàá lè já wọ inú rẹ̀ kó sì bá a lọ bí ẹni pé ibẹ̀ ló wà láti àtètèkọ́ṣe. Elizabeth Loftus àti John Palmer fi èyí hàn ní 1974 pẹ̀lú nǹkan tí kò tó nǹkan: ọ̀rọ̀ ìṣe kan. Wọ́n fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì béèrè bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe sáré tó nígbà tí wọ́n "fara kan" ara wọn. Wọ́n bi àwọn mìíràn pé nígbà tí wọ́n "rún" ara wọn ńkọ́? Àwọn tó gbọ́ "fara kan" sọ pé ó tó máìlì bíi 32 ní wákàtí kan. Àwọn tó gbọ́ "rún" sọ pé ó tó bíi 41. Fíìmù kan náà o! Nínú ìdánwò kejì, wọ́n pè wọ́n padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ṣé wọ́n rí gíláàsì fífọ́. Gíláàsì kankan ò fọ́. Nínú 50 tí wọ́n ti bi pẹ̀lú "rún," 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tí wọ́n bi pẹ̀lú "kọlu," 7 péré ni.

Èmi náà máa ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí mo ń kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan á já wọ kíláàsì, á gbé àpò mi lórí tábìlì, á sì jáde. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Lọ́dún kan, bùbá aláwọ̀ ewé ló wọ̀, orí rẹ̀ sì wà lásán. Mo ní kí ọmọ kan tó wà níwájú kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, ó ní ọkùnrin náà dé fìlà. Kí n tó yí kíláàsì ká tán, fìlà ti di ti gbogbo wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ ní fìlà abetí-ajá ni. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wọlé padà tó dúró síwájú wọn, ọmọ tó sọ abetí-ajá ní ó ti ṣí i kó tó wọlé ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò lọ̀pọ̀ wọn máa dà, àwọn mìíràn á di adájọ́, wọn ò sì gbàgbé fìlà yẹn mọ́. Ní àdúgbò wa, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ìdigunjalè tó mọ́, ta ni kò tíì sọ bí olè ṣe rí fún ẹlòmíràn? Bí àbúrò yín ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ làwọn náà ń sọ tiwọn fún un.

Ìbọn tún wà níbẹ̀. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ojú wa kì í kúrò lára ìbọn náà. Ní 1987, Loftus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan níbi tí wọ́n ti ń wo ibi tí ojú àwọn ènìyàn ń lọ gan-an bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán oníbàárà kan. Fún àwọn kan, ṣẹ́ẹ̀kì ló mú dání; fún àwọn mìíràn, ìbọn ni. Àwọn tó rí ìbọn wo ìbọn náà lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ojú tó wà lára ìbọn kò lè wà lára imú àti àgbọ̀n olè lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí làwọn ilé ẹjọ́ ti fi gbogbo èyí ṣe? North Carolina, níbi tí wọ́n ti ti Cotton mọ́lé, ṣe òfin ní 2007 lórí bí ọlọ́pàá ṣe gbọ́dọ̀ fi afurasí han ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ń fi fọ́tò hàn kò gbọdọ̀ mọ èwo ni afurasí, kó má baà fi ojú tàbí ikọ́ sọ ìdáhùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlẹ́rìí pé oníṣẹ́ ibi náà lè má sí nínú wọn. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, bó ṣe dá a lójú tó. Nínú ẹjọ́ Henderson tí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìpínlẹ̀ New Jersey dá ní 2011, wọ́n kọ́kọ́ yan ẹnì kan láti gbé ìwádìí tó lé ní 200 yẹ̀ wò kí wọ́n tó dájọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kí àwọn adájọ́ máa ṣàlàyé ìmọ̀ yìí fún àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń dá ẹjọ́. Lójú tèmi, kò tíì sí ilé ẹjọ́ tó fara balẹ̀ gbọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní Nàìjíríà, a ò ní ìgbìmọ̀ ará ìlú. Adájọ́ nìkan ló ń wọn ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé òfin wa fọ́jú sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹjọ́ Turnbull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1976, àwọn adájọ́ wa náà ti ń lo ìlànà rẹ̀: báwo ni ẹlẹ́rìí ṣe pẹ́ tó níwájú olè, báwo ni ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó, ṣé ó mọ̀ ọ́n rí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin tiwa ni pé àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra pé ẹlẹ́rìí tó bá mọ afurasí gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́pàá ní kíákíá. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rántí, wọ́n á fura sí i. Àwọn adájọ́ àgbà tó fìdí ìlànà yẹn múlẹ̀ kò dúró de ìwádìí kankan lórí iyè, ṣùgbọ́n wọ́n gbá orí rẹ̀ gan-an: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló wúwo jù.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń sọ pé kí wọ́n máa da ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí nù. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, àwa onímọ̀ gan-an máa ń sọ ọ́ lágbàlá ẹjọ́ pé ìdánilójú ẹlẹ́rìí kò túmọ̀ sí nǹkan kan. A ti sọ ọ́ jù. Ní 2017, Wells fúnra rẹ̀ àti John Wixted tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì gbà pé bí wọ́n bá ṣe ìdánimọ̀ náà bó ṣe yẹ, tí wọ́n béèrè ìdánilójú lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá ní ó dá òun lójú gan-an kì í sábà ṣì í. Ìdánilójú tó délẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ìyìn àti ìyẹ́sí, ni kò ṣeé gbára lé. Àríyànjiyàn mìíràn náà wà láàárín wa, bíi bóyá ó sàn kí wọ́n fi fọ́tò hàn lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí kí wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí a ò tíì parí. Ẹni tó bá sọ fún adájọ́ pé ìmọ̀ wa ti pé, kí adájọ́ tún un wò.

Ẹ ní ọlọ́pàá sọ pé ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n kí ìyẹn má jẹ́ kí àbúrò yín rò pé ẹjọ́ ti parí. Ní 1996, Saul Kassin àti Katherine Kiechel ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan. Kọ̀ǹpútà náà kú, wọ́n ní àwọn ló tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nínú wọn. Síbẹ̀, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ síwèé pé àwọn ṣe é. Níbi tí wọ́n ti mú iṣẹ́ yá, tí ẹlòmíràn sì sọ pé òun rí wọn, gbogbo wọn pátá ló fọwọ́ sí i. Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀ràn kọ̀ǹpútà kò jọ ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní New York ní 1989, àwọn ọmọdékùnrin kan, ọmọ ọdún 14 sí 16, jẹ́wọ́ pé àwọn wà níbi tí wọ́n ti lu obìnrin kan tí wọ́n sì fipá bá a lò pọ̀ ní Central Park. Ní 2002, ẹlòmíràn tó ti wà lẹ́wọ̀n jẹ́wọ́, DNA sì bá tirẹ̀ mu, wọ́n fagi lé ìdájọ́ àwọn ọmọ náà. Nílẹ̀ wa, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn nínú yàrá ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ́yìn àtúnṣe 2011, fi béèrè pé kí wọ́n gba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò tàbí níwájú agbẹjọ́rò. Òfin ti Ìjọba Àpapọ̀ tó jáde ní 2015 náà sọ̀rọ̀ nípa fídíò.

Ní ti ọkọ àbúrò yín tó ní kó má jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n: ẹ má bínú sí i, gbogbo wa la gbà pé ẹni tó bá ń wolẹ̀ ló ń purọ́. Àwọn adájọ́ náà sábà máa ń kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé àwọn ṣàkíyèsí ìṣesí ẹlẹ́rìí. Charles Bond àti Bella DePaulo kó àwọn ìwádìí lórí rẹ̀ jọ ní 2006, wọ́n rí i pé bí a bá ní kí ènìyàn wo ẹlòmíràn kó sọ bóyá irọ́ ló ń pa, 54 nínú ọgọ́rùn-ún la máa ń gbà. Ẹni tó ju owó ẹyọ sókè á gba 50. Àbúrò yín lè gbọ̀n bó bá fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe rèé. Lálẹ́ òní, kó jókòó ní òun nìkan, kó mú ìwé àti bírò, kó kọ ohun tó rántí láti aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ náà, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó kọ ọ́ tán: ibi tí iná wà, ibi tí òun dúró sí, ohun tí wọ́n sọ, èyí tó mú ìbọn àti èyí tí kò mú un. Ibi tí kò bá dá a lójú, kó kọ ọ́ pé kò dá òun lójú. Kó má fi nǹkan dí i. Kó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ pé wọ́n fi fọ́tò kan ṣoṣo han òun lórí fóònù, ohun tí ọlọ́pàá náà sọ kó tó wò ó, àti ohun tí òun sọ fún yín nígbà tó délé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ kọ ohun tó sọ fún yín, ní ìwé ọ̀tọ̀.

Kó má ya ìwé yìí fún àwọn aládùúgbò o, kó má sì gbé e sórí WhatsApp. Kó mú un tọ agbẹjọ́rò lọ kó tó padà sọ́dọ̀ IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kó ṣe sítétímẹ́ǹtì tuntun, ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni kó sọ, títí kan ọ̀rọ̀ fọ́tò. Wọ́n lè fẹ́ kó fo ibẹ̀. Kó má fò ó. Bí wọ́n bá wá to àwọn ènìyàn fún un láti yàn nínú wọn, kó rántí pé fọ́tò ọkùnrin náà ti wà lójú òun, kó sì sọ ọ́ síta pé òun ti rí fọ́tò rẹ̀ kí òun tó rí i lórí ìlà. Bí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ bá bi í nílé ẹjọ́ pé, "Madam, ṣé lọ́jọ́ yẹn gan-an ló dá yín lójú, àbí lẹ́yìn náà?", ìdáhùn ti wà nínú ìwé tó kọ.